Tí jẹjẹrẹ bá rìn dé pituitary: ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìtọ̀ títí a ó fi débi biopsy, ìyẹn gígé ẹran díẹ̀ yẹ̀ wò

Ká ní màmá kan wọlé wá, ẹni ọdún 58. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gé ọyàn kan fún wọn torí jẹjẹrẹ, wọ́n gba chemo, wọ́n gbà á parí, wọ́n ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilé ti gbà pé ọ̀rọ̀ yẹn ti di ìtàn. Láti bí oṣù méjì báyìí orí ń fọ́ wọn, ojú ń ṣe bàìbàì, okun ò sí lára mọ́. Wọ́n ya MRI, wọ́n rí kókó kan ní ìdí ọpọlọ níbi tí pituitary wà, ẹni tó ka síkáànù sì kọ "pituitary adenoma" sí i, ni gbogbo èèyàn bá mí kanlẹ̀, torí adenoma kì í ṣe jẹjẹrẹ, kókó tó ń hù jẹ́jẹ́ lójú kan ni. Àfi ìgbà tí wọ́n ń jáde lọ tí ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, màmá ò sùn mọ́. Wọ́n ń tọ̀ ṣáá ni, kẹ́ẹ̀gì omi tí mo bá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti gbẹ."

Gbólóhùn yẹn wúwo ju rìpọ́ọ̀tù MRI lọ. Ẹ̀yin dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ará làbù, àti ẹ̀yin ọmọ tó ń gbé òbí kiri ọsibítù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o. Ibi tó kan ẹbí, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Ibi tó jẹ́ ti dókítà, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe é, ẹ má lọ máa ra abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì torí pé ẹ ka nǹkan lórí fóònù.

Kí ló dé tí ìtọ̀ fi ń sọ̀rọ̀?

Pituitary ò tóbi rárá, bí hóró ẹ̀wà ló rí, ìwọ̀n rẹ̀ ò ju bí ìdajì gíráàmù lọ. Inú kòtò eegun kan nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn imú, ló jókòó sí, ọ̀pá tín-ín-rín kan ló fi rọ̀ mọ́ ọpọlọ lókè. Ó ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, iṣẹ́ wọn ò sì jọra. Iwájú ló ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, fún adrenal tó jókòó lórí kíndìnrín, fún ilé ẹyin obìnrin àti kórópọ̀n ọkùnrin. Ẹ̀yìn ló ń tọ́jú họ́mónù tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má jẹ́ kí omi ara ṣòfò, vasopressin lorúkọ ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé iwájú, ó ti kọ́kọ́ gba ibòmíì lókè kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà láti ara iṣan ńlá. Jẹjẹrẹ tó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Adenoma ní tiẹ̀, iwájú ló ti ń hù, ó lè tóbi títí kó fún ojú pa, síbẹ̀ kí ó má yọ ẹ̀yìn lẹ́nu. Nínú 100 èèyàn tó ní adenoma tí ẹnì kankan ò tíì ṣiṣẹ́ abẹ fún, ekukáká la ó fi rí ẹyọ kan tó ń tọ̀ bíi ti màmá yẹn. Torí náà, kókó ní pituitary pẹ̀lú ìtọ̀ tí ò dáwọ́ dúró, ẹ má kọ adenoma sí i kẹ́ ẹ sì lọ sùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí adenoma ló pọ̀ jù níbẹ̀, ojú wa ti mọ́ ọn.

Kì í ṣe àìsàn tó wọ́pọ̀ o. Nínú àwọn kókó pituitary tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, nǹkan bí 1 nínú 100 ni jẹjẹrẹ tó ti ibòmíì wá. Tí wọ́n bá yẹ òkú àwọn tí jẹjẹrẹ pa wò, ó máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí púpọ̀ nínú wọn ò fi àmì kankan hàn nígbà tí wọ́n wà láyé. Jẹjẹrẹ ọyàn àti ti ẹ̀dọ̀fóró ló kó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn wọn ni kíndìnrín, prostate, táírọ́ìdì, ìfun ńlá, àti melanoma tó ń mú awọ ara. Melanoma yìí gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ pé ó dé pituitary, Benjamin ló kọ ọ́ ní 1857, lára òkú ni wọ́n ti rí i. Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé bí ìdá kan nínú márùn-ún sí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní i, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n ní jẹjẹrẹ kankan tẹ́lẹ̀. Kókó orí yẹn ló kọ́kọ́ tú àṣírí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ gbọ́

Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?" torí wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, dáadáa ni lóòótọ́! Ẹ béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń dìde lóru, ṣé omi tútù nini ni ọkàn wọn ń fà sí, ṣé tí wọn ò bá rí omi mu wọ́n máa ń fẹ́ ya wèrè. Ẹni tó ní diabetes insipidus, ìyẹn àìsàn ìtọ̀ àtọ̀jù tó ń wá tí vasopressin ò bá tó, tí wọ́n ti ń pè ní AVP deficiency láti 2022 kí èèyàn má bàa máa rò pé àtọ̀gbẹ ni, omi yìnyín ló sábà máa ń wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn sùn nílé, torí àgbàlagbà lè máa tijú láti sọ pé òun ń tọ̀ sára.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Adenoma a máa gba ọdún. Jẹjẹrẹ a máa gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ṣé wọ́n ń rí nǹkan ní méjì méjì? Ṣé ìpéǹpéjú kan ti já wálẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ pituitary lọ́tùn-ún lósì ni àwọn iṣan tó ń yí ẹyinjú gbà kọjá, jẹjẹrẹ a sì máa ya wọbẹ̀ ní kíákíá ju adenoma lọ.

Ẹ béèrè nípa jẹjẹrẹ àtijọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọdún tàn yín jẹ. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ti ọyàn àti ti kíndìnrín lè dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kó tó tún yọjú. "Wọ́n yọ kíndìnrín kan fún bàbá nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì", ọ̀rọ̀ pàtàkì ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Oògùn wá ńkọ́? Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ díẹ̀, torí ó lè ba gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Dexamethasone àti prednisolone, tí wọ́n jẹ́ steroid, á mú cortisol, họ́mónù tí adrenal ń ṣe láti gbé ara ró, lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni pituitary ò ní nǹkan kan. Ìpara tí ń bó ara, àwọn tí wọ́n fi clobetasol, steroid míì, sí, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe tí èèyàn bá ń fi í para lójoojúmọ́, aláìsàn ò sì ní sọ ọ́ torí kò ka ìpara sí oògùn, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì wo oríkèé ìka wọn. Oògùn làkúrègbé olóríṣiríṣi tí èèyàn ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ béèrè ìyẹn náà. Tramadol àti morphine lè tẹ cortisol àti họ́mónù ìbímọ rì. Metoclopramide tí wọ́n ń fún wọn kí wọ́n má bàa bì nígbà chemo á gbé prolactin, họ́mónù pituitary tó ń mú omi ọyàn wá, sókè. Goserelin tí wọ́n ń gún fún jẹjẹrẹ prostate tàbí ti ọyàn á pa LH àti FSH, họ́mónù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún ilé ẹyin àti kórópọ̀n, lẹ́nu mọ́ pátápátá. Tí wọ́n bá sì ti gba ipilimumab tàbí nivolumab, àwọn oògùn tó ń jẹ́ kí ara fúnra ẹ̀ bá jẹjẹrẹ jà, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀, a máa padà débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn ìtọ̀

Ẹ̀yin ẹbí lẹ ni èyí. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún méjì tó mọ́. Bí wọ́n bá jí láàárọ̀, ìtọ̀ àkọ́kọ́, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ kọ aago sílẹ̀. Láti ìgbà yẹn gbogbo ìtọ̀ inú kẹ́ẹ̀gì ló ń lọ, tọ̀sán tòru, títí dé aago kan náà lọ́jọ́ kejì, tòhun ti àkọ́kọ́ ọjọ́ kejì yẹn. Ẹ kọ iye omi tí wọ́n mu náà sílẹ̀. Ẹ má sọ pé kí wọ́n dín omi mímu kù o, ẹ má dán an wò nílé láé, ẹni tó ní àìsàn yìí tẹ́ ẹ bá fi omi dù ú, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ga, ọpọlọ á gbẹ, ó lè dákú.

Tó bá ju lítà 3 lọ fún wákàtí 24, tàbí ju 50 ml lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, a ti rí nǹkan tẹ̀lé. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà wò, torí àtọ̀gbẹ ló pọ̀ jù láwùjọ. Ẹ yẹ calcium wò, torí jẹjẹrẹ tó ti wọ eegun lè mú calcium ga, calcium tó ga sì ń mú èèyàn tọ̀ bí ìṣàn omi, mo ti rí ibi tí wọ́n ti sá lọ ya MRI kí wọ́n tó rántí calcium tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ yẹ potassium wò náà.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ papọ̀ láàárọ̀ kùtù, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ wá sodium, ẹ wá osmolality méjèèjì, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣe ki tó. Ẹni tí sodium ẹ̀ ti kọjá 145, tí osmolality ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ga tó 300, tí ìtọ̀ ẹ̀ ò sì tó 300, ọ̀rọ̀ ti parí, kíndìnrín ń da omi nù nígbà tó yẹ kó máa há a mọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ fi omi dù ú fún àyẹ̀wò kankan mọ́. Tí làbù yín ò bá ní ẹ̀rọ osmolality, ẹ ṣírò ti ẹ̀jẹ̀: sodium lọ́nà méjì, ẹ fi glucose kún un, ẹ fi urea kún un, gbogbo ẹ̀ ní mmol/L. Ní ti ìtọ̀, ẹ wo specific gravity, tó ń sọ bí ìtọ̀ ṣe ki tó, lára igi dipstick. Ìtọ̀ àárọ̀ ẹni tó sun oorun dáadáa kì í ṣe 1.005, tẹ́ ẹ bá rí 1.005 nígbà tí sodium ga, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ rí.

Ẹni tí èsì ẹ̀ wà ní àárín méjì, tí ò ṣe kedere, ló ń béèrè water deprivation test, ìyẹn fífi omi dù ú kí wọ́n máa wo ìtọ̀ ẹ̀. Wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń ṣe é, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, wọ́n ń gbé aláìsàn sórí ìwọ̀n ní wákàtí wákàtí, tó bá ti pàdánù 3% nínú ìwọ̀n ara ẹ̀ kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n á wá fún un ní desmopressin, oògùn tó ń ṣe bíi vasopressin. Tí osmolality ìtọ̀ bá fò sókè ju 50% lọ, pituitary ló ní ẹ̀bi, kì í ṣe kíndìnrín. Ibi tí wọ́n ti ń wọn copeptin, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá vasopressin jáde, ó rọrùn ju fífi omi dù ú lọ. Ẹni tó ti rù, tó ń bì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi omi dù ú rárá.

Ẹ tún gbọ́ ẹ̀tàn kan tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí cortisol ti tán lára ẹ̀, kíndìnrín ẹ̀ ò lè da omi nù bó ṣe yẹ, nítorí náà àìsí vasopressin á fara pamọ́, ìtọ̀ á dà bíi pé kò pọ̀. Ẹ wá fún un ní hydrocortisone lónìí, tó bá dọ̀la tàbí ọ̀tunla ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lítà mẹ́fà, ẹbí á ní oògùn yín ló ń pa á. Kì í ṣe oògùn. Oògùn ló ṣí aṣọ lójú ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Torí náà ẹni tí ò tọ̀ púpọ̀ lónìí, ẹ tún wọn ìtọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gba steroid ọjọ́ méjì. Tí ìtọ̀ ò bá sì pọ̀ rárá títí lọ, ìyẹn náà ò ní ká gbójú kúrò lára jẹjẹrẹ, ẹ̀rí kan péré ló sọnù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: cortisol ló ń pa èèyàn, òun la kọ́kọ́ ń wò

Láàárín aago 8 sí 9 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gba ẹ̀jẹ̀. Tí cortisol ò bá tó 3 µg/dL, tó jẹ́ bí 83 nmol/L, kò sí iyàn, ó ti tán. Tó bá ju 15 µg/dL lọ, bí 414 nmol/L, ó ṣeé ṣe kó dáa. Àárín wọn la ti ń gún synthetic ACTH 250 µg (ACTH ni họ́mónù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún adrenal), ká tún wọn cortisol ní ìṣẹ́jú 30 àti 60. Àmọ́ tí pituitary bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, adrenal ò tíì gbàgbé iṣẹ́, á dáhùn abẹ́rẹ́ náà dáadáa, ẹ̀yin á sì rò pé kò sí wàhálà. Ẹ wo ojú aláìsàn, ẹ má wo nọ́ńbà nìkan.

Ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tó ń bì, tí oorun ń gbé lọ, ẹ má dúró de èsì. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò, kẹ́ ẹ gún hydrocortisone 100 mg sínú iṣan lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú dírípù saline. Làbù lè máa ka tiẹ̀ lọ.

Ẹ wá ACTH náà tí apá bá ká a, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ràn adrenal fúnra ẹ̀. ACTH tó ga pẹ̀lú cortisol tó kéré, adrenal ni. ACTH tó kéré tàbí tó wà lágbede méjì, pituitary ni.

Táírọ́ìdì: ẹ má gba TSH, họ́mónù tí pituitary fi ń pàṣẹ fún un, nìkan. Làbù púpọ̀ ló jẹ́ pé TSH nìkan ni wọ́n ń ṣe nínú "thyroid function", TSH á jáde ní nọ́mà, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ pituitary tó ń kú ò lè gbé TSH sókè bó ṣe yẹ. Free T4, họ́mónù táírọ́ìdì fúnra ẹ̀, ló ń sọ òótọ́. Tó bá kéré, ẹ má tíì fún wọn ní levothyroxine àfi tẹ́ ẹ bá ti rí sí cortisol, torí levothyroxine á lo ìwọ̀nba cortisol tó ṣẹ́kù tán, aláìsàn á ṣubú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí ni FSH. Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró, FSH ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga, ó sábà máa ń ju 25 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí 3 lára màmá ẹni ọdún 58 tí kò gba goserelin tàbí estrogen, pituitary ti ń sùn nìyẹn. Àyẹ̀wò yìí ò gbowó púpọ̀, kò sì béèrè pé ká kọ́kọ́ gún oògùn kankan. Fún ọkùnrin, testosterone àárọ̀ pẹ̀lú LH.

Prolactin náà wà níbẹ̀. Kókó tó bá tẹ ọ̀pá pituitary á gbé prolactin sókè díẹ̀, ó sábà máa ń wà lábẹ́ 100 ng/mL. Tó bá lọ sí 300, 500, prolactinoma, adenoma tó ń ṣe prolactin, ló ń pè yín, oògùn lásán lè yanjú ẹ̀ láìsí iṣẹ́ abẹ, torí ẹ̀ ni ò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ tíátà láìtíì rí èsì prolactin. Tí kókó bá tóbi rẹpẹtẹ tí prolactin sì kéré, ẹ ní kí làbù bù ú lómi kí wọ́n tún un wọ̀n, nígbà míì ó máa ń pọ̀ débi tí ẹ̀rọ ò fi mọ̀ ọ́n kà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ojú

Ẹ jókòó kọjú sí aláìsàn, kó fọwọ́ bo ojú kan, kó máa wo imú yín, ẹ wá máa mi ìka láti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹni tí kókó bá ti tẹ ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, kò ní rí ìka yín lápá ìta, lójú méjèèjì. Nílé ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ń kọlu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tàbí pé ó ń fara gbá èèyàn lọ́jà bí ẹni tó ń wá ìjà. Ẹ ní kó fi ojú tẹ̀lé ìka lọ sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà kó lọ ṣe visual field lọ́dọ̀ dókítà ojú, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ jáde lórí ìwé, kí èèyàn lè rí ohun fi wéra ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú tó ń yára bàjẹ́ kì í dúró de àpọ́íńmẹ́ǹtì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: MRI, àmọ́ ẹ mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́

Owó MRI ò kéré, àpò aláìsàn ló sì sábà máa ń ti jáde nílé wa níbí, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má kọ "MRI brain" lásán sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ pé pituitary ni, kí wọ́n gé e tín-ín-rín, 3 mm tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti iwájú, kí wọ́n tó gún gadolinium, oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn kedere, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, kí wọ́n sì ya gbogbo ọpọlọ mọ́ ọn torí jẹjẹrẹ lè wà níbòmíì lókè. Creatinine gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gún un. Ẹ kọ "ìtọ̀ lítà 6, jẹjẹrẹ ọyàn ọdún mẹ́rin sẹ́yìn" sí i, torí ẹni tó ń ka síkáànù ò lè ronú kan ohun tẹ́ ẹ ò sọ fún un.

Kí là ń wá? Lára pituitary tó yè, ẹ̀yìn máa ń tàn funfun báláú lórí T1, ọ̀kan lára irú àwòrán MRI, láìtíì gún nǹkan kan. Tí funfun yẹn bá ti sọnù, tí ọ̀pá náà sì ti nípọn, ẹ tají. Kókó tó fún ní ìbàdí, apá kan nínú kòtò, apá kan lókè, tí àárín ẹ̀ tín-ín-rín bí ìlù gángan, jẹjẹrẹ a máa ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó ń hù kíákíá débi pé awọ tó bo kòtò náà ò ráyè fẹ̀. Ẹ wo eegun pẹ̀lú CT: adenoma a máa ti eegun díẹ̀díẹ̀ títí kòtò á fi fẹ̀ bí ìkòkò, jẹjẹrẹ a máa jẹ ẹ́, kòtò lè má fẹ̀ rárá ṣùgbọ́n etí ẹ̀ ti họ. Ti kíndìnrín kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ lè rí àmì ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ẹ̀. Tí MRI àtijọ́ bá wà, àní ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gbé e jáde. Kókó tó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́ta, kì í ṣe ìwà adenoma.

Kò sí àmì kan tó dá dúró tó nínú gbogbo eléyìí. Mo ti rí àwọn ọ̀gá ńlá tí wọ́n wo fíìmù kan náà tí wọn ò fẹnu kò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn mìíràn tó lè jọ ọ́

Ẹni tó ní jẹjẹrẹ náà lè ní adenoma tiẹ̀ lọ́tọ̀ o! Adenoma kéékèèké pọ̀ lára àwọn èèyàn tí ara wọn le, tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀. Ẹ má sáré sọ fún ẹbí pé jẹjẹrẹ ti dé ọpọlọ nígbà tí ìtọ̀ pé, tí ojú pé, tí kókó ò sì ju 6 mm lọ.

Ìlà pupa tá a fà níṣàájú ńkọ́? Ipilimumab àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara bá pituitary jà, ó máa ń wú, orí á fọ́, cortisol á bọ́, ó sábà máa ń wáyé ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta sígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ipilimumab. Àmọ́ irú yẹn kì í sábà fa ìtọ̀ púpọ̀, ojú kì í sì sábà kú, wíwú náà a máa rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìtọ̀ tún rèé tó ń là wọ́n níjà.

Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè jókòó síbẹ̀, ẹ má fojú fò ó nílẹ̀ wa: X-ray àyà, GeneXpert, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí nǹkan ìkọ́ bá wà, àyẹ̀wò HIV. Sarcoidosis, IgG4, Langerhans cell histiocytosis, àwọn àìsàn mìíràn tí kò wọ́pọ̀, gbogbo wọn ń mú ọ̀pá nípọn, wọ́n sì ń mú èèyàn tọ̀. Ọ̀dọ́ tàbí ọmọdé tó ń tọ̀, germinoma, kókó jẹjẹrẹ tó ń mú ọ̀dọ́, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, kẹ́ ẹ wá AFP àti beta-hCG, àwọn ohun tí irú kókó bẹ́ẹ̀ lè tú jáde, nínú ẹ̀jẹ̀ àti omi ọ̀pá ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: níbo ló ti wá?

Ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ọyàn méjèèjì, títí kan ojú àpá níbi tí wọ́n ti gé e, àti abíyá. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn. Ẹ yẹ prostate ọkùnrin wò pẹ̀lú ìka, kẹ́ ẹ sì gba PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún prostate. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ bàtà, torí lára àwa èèyàn dúdú àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ni melanoma fẹ́ràn, àpá dúdú tí wọ́n ń pè ní egbò bàtà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ wá ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ torí kíndìnrín. Lẹ́yìn náà ni CT àyà, ikùn àti ìbàdí, mammogram fún obìnrin. PET-CT, síkáànù tó ń jẹ́ kí ibi tó ń lo ṣúgà púpọ̀ lára tàn, dáa níbi tó bá wà, àmọ́ ẹ má gbàgbé pé adenoma náà lè tàn lórí PET, torí náà ohun tá à ń fi PET wá jù ni ibòmíì lára.

Tí CT bá fi hàn pé ẹ̀dọ̀, eegun àti ẹ̀dọ̀fóró ti ní in, iṣẹ́ ti fẹ́ parí. Ẹ wá ibi tó rọrùn jù láti gé, bóyá kókó ọrùn tàbí ẹ̀dọ̀, kẹ́ ẹ gé ibẹ̀. Kò yẹ ká gba imú ẹnì kan wọ ìdí ọpọlọ lọ wá ohun tí abẹ́rẹ́ lè fà jáde nínú ọrùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: biopsy

Ìgbà wo ló wá pọn dandan? Tí a ò bá rí jẹjẹrẹ níbòmíì kankan. Tí ti àtijọ́ bá ti pẹ́ tó sì jẹ́ pé pituitary nìkan ló yọjú. Tàbí tí ojú bá ń kú lọ, tó jẹ́ pé wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ láti gbé ẹrù kúrò lórí iṣan ojú lọ́nàkọnà. Ihò imú ni wọ́n sábà máa ń gbà. Tẹ́ ẹ bá fura sí kíndìnrín, ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ ṣáájú kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kókó yẹn lè ṣẹ̀jẹ̀ burúkú. Hydrocortisone ní láti wà lára aláìsàn kó tó wọ tíátà.

Ẹran tí wọ́n bá gé, ibi tí wọ́n ń pa á láwọ̀ ló kù. Kì í ṣe H&E, àwọ̀ tí wọ́n ń fi pa gbogbo ẹran, nìkan. Àwọn àwọ̀ míì wà tó ń fi orírun ẹran hàn: PIT-1, T-PIT àti SF-1 ló ń sọ pé ọmọ onílé pituitary ni. ER, PR, HER2 àti GATA3 ló ń tọ́ka sí ọyàn, TTF-1 sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí táírọ́ìdì, PAX8 sí kíndìnrín tàbí táírọ́ìdì, CDX2 sí ìfun, NKX3.1 àti PSA sí prostate. SOX10 àti Melan-A sí melanoma. Pàkúté wà nínú wọn o. GATA3 lè mú àwọ̀ lára àwọn adenoma kan pẹ̀lú. TTF-1 lè mú àwọ̀ lára àwọn kókó kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn pituitary gan-an. Synaptophysin ń mú adenoma, ó sì ń mú neuroendocrine tumour tó ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ìfun rìn wá, àwọn yìí ló ń tan èèyàn jẹ jù, wọ́n jọra bí ìbejì. Torí náà wọn ò gbọ́dọ̀ ka àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó tiẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí pé jẹjẹrẹ wọnú adenoma tó ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjèèjì wà nínú ìgò kan náà, ẹni tó bá wo igun kan á rí ọ̀kan.

Pathologist ò lè mọ gbogbo eléyìí tó bá jẹ́ pé "pituitary tumour, ?adenoma" nìkan lẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọjọ́ orí, ẹ kọ jẹjẹrẹ àtijọ́ àti ọdún ẹ̀, ẹ kọ ER àti HER2 ti ìgbà náà tẹ́ ẹ bá rí ìwé ẹ̀, ẹ kọ iye lítà ìtọ̀. Ẹ sì rántí pé iṣẹ́ abẹ imú fúnra ẹ̀ lè mú èèyàn tọ̀ púpọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá wá débẹ̀ lọ́jọ́ kẹta kò ní mọ̀ bóyá ọ̀bẹ ló fà á tàbí àìsàn. Ìwé tí ọmọ màmá fi ń kọ ìtọ̀ nílé, kí wọ́n tó wọ tíátà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú fáìlì.